Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ Ìtàn Amẹ́ríkà ní Yorùbá: Ẹ Tún Ọ̀rọ̀ Zebulon Pike Kọ

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ògbufọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ Yorùbá nílé àti lẹ́yìn odi,

A kí yín kú iṣẹ́. Kí ọmọ tí wọ́n bí sí Houston tàbí Denver lè ka ìtàn ilẹ̀ tó ń tẹ̀ ní èdè bàbá rẹ̀, ohun tó wù wá gidigidi ni, a kò sì fẹ́ kí ọwọ́ yín rọ̀. Torí pé a fẹ́ kí iṣẹ́ náà dára la ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí gbangba.

Ọ̀rọ̀ Zebulon Montgomery Pike ni, ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní New Jersey lọ́dún 1779, tó sì kú lójú ogun ní York, ìyẹn Toronto òde òní, lọ́dún 1813. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sábà máa ń rí gbà nínú ìwé: pé òun ló ṣàwárí òkè Pikes Peak ní Colorado lọ́dún 1806. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Pike kò ṣàwárí òkè náà, kò dé orí rẹ̀, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Àwọn Ute tó ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè yẹn ti ń pè é ní Tava, ìyẹn oòrùn, tipẹ́tipẹ́ kí sójà kankan tó fojú kàn án. Àwa tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì pé Mungo Park ló ṣàwárí Odò Ọya, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará Bùsá àti àwọn Nupe ti ń tukọ̀, tí wọ́n ń pẹja lórí rẹ̀ láti ayébáyé, kò yẹ kí á gbé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lé ọmọ mìíràn lọ́wọ́. Ìgbà kan náà ni àwọn méjèèjì tilẹ̀ wà lójú ọ̀nà: ọdún 1805 tí Pike kọ́kọ́ ṣíkọ̀ ni Park gbéra láti Gambia lọ sí àjò tó gbẹ̀mí rẹ̀ ní Bùsá.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kọ dípò rẹ̀ rèé: ẹrù tí wọ́n gbé, aṣọ tí wọ́n wọ̀, máàpù tó ṣì wọ́n lọ́nà, àti àwọn tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kọjá. Inú nǹkan wọ̀nyí ni ìtàn náà wà.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó rán an. Kì í ṣe Ààrẹ Jefferson. Lewis àti Clark, àwọn ọmọ ogun méjì tó lọ wo ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn, ni Jefferson rán, àwọn sì ni ilé aṣòfin dìbò 2,500 dọ́là fún. Ọ̀gágun James Wilkinson, olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó tún jẹ́ gómìnà Louisiana, ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà rà lọ́wọ́ Faransé lọ́dún 1803, ló fún Pike níṣẹ́ nígbà méjèèjì tó rin àjò, lọ́dún 1805 àti 1806. Wilkinson yìí kan náà ń gba owó lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Sípéènì. Nọ́ńbà 13 ni wọ́n ń pè é nínú ìwé àṣírí wọn. Ohun tó wà nílé ìkẹ́rù àwọn ológun ni Pike fi múra. Nígbà tó kúrò ní St. Louis fún àjò àkọ́kọ́, kò ní dókítà, kò ní ògbufọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó mọ ìmọ̀ ìràwọ̀ nínú wọn tí yóò máa bá a wọn ibi tí wọ́n dé.

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1805 ni wọ́n ṣí, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: Pike, sájẹ́ǹtì kan, kọ́púrà méjì àti sójà mẹ́tàdínlógún, nínú ọkọ̀ onípákó tó gùn ní 70 ẹsẹ̀ bàtà, pẹ̀lú oúnjẹ oṣù mẹ́rin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá orísun odò Mississippi, kó yan ibi tí wọ́n lè kọ́ àgọ́ ológun sí, kó bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì wo ohun tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe lókè lọ́hùn-ún. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Oúnjẹ oṣù mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, inú oṣù Kejìlá ni yóò tán. Ìwé àṣẹ sì sọ pé kó padà kí odò tó dì. Bẹ́ẹ̀, òkè odò ló ń lọ, ìṣàn ń tì í sẹ́yìn, igi tó rì sínú omi ń gún ọkọ̀ nídìí. Nígbà tó dé Prairie du Chien, ó fi ọkọ̀ ńlá sílẹ̀, ó bọ́ sínú àwọn tó kéré torí àpáta tó wà nínú odò níwájú. Ibẹ̀ náà ló ti rí ògbufọ̀ gbà.

Ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, yìnyín bo ilẹ̀ nítòsí ibi tí Little Falls wà ní Minnesota lónìí. Àwọn ọkùnrin ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ fa ọkọ̀ nínú omi tútù tó mù wọ́n dé ìbàdí. Sájẹ́ǹtì Kennerman pọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n gé igi, wọ́n kọ́ odi. Ọlọ́gbọ́n ọ̀gá ì bá padà nígbà tí odò bá yọ́. Pike kò padà. Ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ó fi Kennerman àti àwọn kan ṣọ́ odi, ó kó ẹrù lé pákó tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín, ó kọjú sí àríwá.

Ibí yìí ni ẹ ti lè kọ́ ọmọ ní nǹkan gidi. Omi dídì orí odò kì í nípọn dọ́gba. Ibi tí omi ti ń sáré lábẹ́ rẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni pákó kan ti já wọ inú omi tòun ti ẹrù àti ẹ̀tù. Kò sí oòrùn tí wọ́n lè fi sá ẹ̀tù tó rin, ni wọ́n bá fi ìkòkò gbẹ ẹ́ lórí iná, ló bá bú gbàmù, díẹ̀ ló kù kó gbé àgọ́ àti ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta lọ. Nínú oṣù Kìíní, iná ran àgọ́ Pike fúnra rẹ̀ lóru nígbà tí àgbá ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Wọ́n yára fa ẹ̀tù jáde, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà rẹ̀ jóná. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìbọ̀sẹ̀ jẹ́ nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ yóò mọ̀ pé àdánù ńlá ni.

Ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 1806, ó dé adágún Leech, níbi tí ilé iṣẹ́ North West Company ti ń ra awọ lọ́wọ́ àwọn Ojibwe. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn gbà á sílé, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n yìnbọn sí àsíá Gẹ̀ẹ́sì tó ń fẹ́ lórí òpó wọn títí tó fi wálẹ̀. Ó kéde pé adágún Leech ni orísun Mississippi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yìnyín bá bo gbogbo ilẹ̀, tí odò àti adágún ti dì, kò sí ọ̀nà tí èèyàn fi lè mọ èyí tó ń ṣàn wọ inú èkejì. Ọdún 1832 ni ọkùnrin Ojibwe kan, Ozawindib, mú Henry Schoolcraft, arìnrìn-àjò ará Amẹ́ríkà, lọ sí adágún tí wọ́n ń pè ní Itasca lónìí, ìyẹn orísun odò náà gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, orúkọ Ozawindib ni kó ṣáájú nínú gbólóhùn yín. Òun ló mọ ọ̀nà.

Nígbà tí Pike padà sí odi nínú oṣù Kẹta, Kennerman ti ta ọtí fún àwọn sójà, ó ti jẹ ẹran tó dára tán, ó ti já àpótí ọ̀gá rẹ̀, ó sì ti tà lára ohun tó wà níbẹ̀. Pike gba oyè sájẹ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún mú un dání lọ sí àjò kejì. Kò pẹ́ tó fi sá lọ.

Ẹ má fo ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1805 kọjá. Ní erékùṣù tó wà níbi tí odò Minnesota ti pàdé Mississippi, ibi mímọ́ tí àwọn Dakota ń pè ní Bdote, Pike pe àwọn aṣáájú wọn jọ. Méje ló wá. Méjì ló fọwọ́ sí ìwé. Ìwé náà gbé ilẹ̀ fún Amẹ́ríkà: máìlì mẹ́sàn-án níbùú lóròó lẹ́nu odò St. Croix, àti láti Bdote títí dé ibi tí omi ti ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta ní St. Anthony, níbi tí Minneapolis wà lónìí, máìlì mẹ́sàn-án lápá ọ̀tún odò, mẹ́sàn-án lápá òsì. Pike ṣírò ilẹ̀ yìí sí nǹkan bí 100,000 éékà, ó sì kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé iye rẹ̀ tó 200,000 dọ́là. Nínú ìwé àdéhùn, òfìfo ló wà níbi tó yẹ kí wọ́n kọ iye owó sí. Ẹ̀bùn tó tó nǹkan bí 200 dọ́là àti ọtí líle 60 gálọ́ọ̀nù ni wọ́n pín.

Ààrẹ kò fún Pike láṣẹ pé kó lọ bá orílẹ̀-èdè kankan dá àdéhùn. Síbẹ̀, lọ́dún 1808 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà kọ 2,000 dọ́là sínú òfìfo náà. Sẹ́ńtì méjì ni lórí éékà kan, tí a bá fi ìṣirò Pike fúnra rẹ̀ pín in. Kò sí ààrẹ tó kéde àdéhùn náà gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe fẹ́. Ọdún 1819 ni ẹrù tó dípò owó náà tó dé ọwọ́ àwọn Dakota, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó wá kọ́ odi tí wọ́n ń pè ní Fort Snelling ti ń bọ̀ lọ́nà. Òǹkàwé tó mọ bí Ọba Dòsùnmú ṣe fọwọ́ sí ìwé Èkó ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú omi, yóò dá irú ìwé yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú ìwé kan gbáko ló tọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ìlà kan.

Àjò kejì ló wá gba àlàyé jù. Ọjọ́ 15, oṣù Keje, ọdún 1806, wọ́n ṣí láti Belle Fontaine lẹ́nu odò Missouri nínú ọkọ̀ méjì: lẹ́fútẹ́náǹtì méjì, dókítà kan, sájẹ́ǹtì kan, kọ́púrà méjì, sójà mẹ́rìndínlógún àti ògbufọ̀ kan. Dókítà náà ni John Robinson, tó fínnúfíndọ̀ bá wọn lọ. Ògbufọ̀ ni Baronet Vasquez. Wọ́n tún ń mú èèyàn mọ́kànléláàádọ́ta padà sílé wọn, Osage àti Pawnee, àwọn kan nínú wọn obìnrin àti ọmọdé tí àwọn Potawatomi ti kó lẹ́rú. Ìdá wọn padà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó parí ìjà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀, kó wá àwọn Comanche rí, kó wo orísun odò Arkansas àti Red River, kó sì gba Red River sọ̀kalẹ̀ wálé sí Natchitoches.

Oṣù Keje ni wọ́n ṣí, ooru ń mú, aṣọ òwú sì ni wọ́n wọ̀. Pike kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé òun kò rò pé òun máa wà níta nígbà òtútù. Ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí. Gbogbo ẹsẹ̀ tó kú lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ìlú àwọn Pawnee nítòsí odò Republican ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, Facundo Melgares, lẹ́fútẹ́náǹtì ọmọ ogun Sípéènì tó kó nǹkan bí 600 èèyàn jáde, ti gba ibẹ̀ kọjá ṣáájú wọn pẹ̀lú púpọ̀ nínú wọn, ó sì ti fún wọn ní àsíá. Pike kò tó èèyàn mẹ́tàlélógún. Ní ìpàdé ọjọ́ 29, níwájú nǹkan bí 400 jagunjagun Pawnee, ó ní kí wọ́n sọ àsíá Sípéènì kalẹ̀, kí wọ́n gbé ti Amẹ́ríkà sókè. Ẹnu wọn wọhò fún ìgbà díẹ̀, kí àgbàlagbà kan tó dìde mú ti Sípéènì wá síwájú rẹ̀, tó sì gbé ti Amẹ́ríkà dípò. Ìbànújẹ́ hàn lójú wọn, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé Sípéènì lè padà wá. Pike sì dá àsíá náà padà fún wọn, ó ní kí wọ́n má kàn gbé e sókè nígbà tí òun ṣì wà níbẹ̀. Olórí wọn ní kó má lọ síwájú mọ́. Ó lọ. Ipa ẹsẹ̀ ẹṣin Melgares ló ń tọ̀.

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, létí odò Arkansas, lẹ́fútẹ́náǹtì kejì, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀gágun Wilkinson, kó sójà márùn-ún, ó gba odò sọ̀kalẹ̀ lọ sílé. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n kàn: awọ ẹfọ̀n mẹ́rin àti awọ àgbọ̀nrín ńlá méjì ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan, igi ni wọ́n gbẹ́ fi ṣe èkejì. Mẹ́rìndínlógún ló kù: Pike, Robinson, Vasquez àti àwọn sójà mẹ́tàlá. Oúnjẹ kò tíì wọ́n wọn nígbà náà. Ní àárín oṣù Kọkànlá, wọ́n pa ẹfọ̀n mẹ́tàdínlógún lọ́jọ́ kan, wọ́n sì jẹ mùdùnmúdùn inú egungun 136.

Wàyí o, òkè. Ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, Pike rí ohun tó dà bí ìkùukùu aláwọ̀ aró kékeré lọ́nà jíjìn. Ó fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó, òkè ni. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yẹn gbẹ, ó sì mọ́ kedere, kò ní ìkùukùu bíi ti etí òkun wa. Ohun tó wà ní ọgọ́rùn-ún máìlì máa ń dà bíi pé ó wà nítòsí. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi rìn, òkè náà kò tíì sún mọ́ wọn. Ní ibi tí Pueblo wà lónìí, wọ́n to igi mẹ́rìnlá sí odi ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Pike, Robinson àti sójà méjì, Miller àti Brown, gbéra lọ síbi òkè, wọ́n ní àwọn máa padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ọjọ́ 27, lórí òkè kékeré kan tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wá, yìnyín mù wọ́n dé ìbàdí, wọn kò ní ìbọ̀sẹ̀, wọn kò sì tíì jẹun fún wákàtí 48. Òkè ńlá ṣì jìnnà tó máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún. Pike kọ ọ́ pé òun kò gbà pé èèyàn kankan lè gùn ún dé orí. Wọ́n padà. Edwin James àti ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú àjò Stephen Long, dé orí rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 1820. Oṣù Keje ni, kì í ṣe oṣù Kọkànlá.

Ẹ ṣọ́ra fún iye gíga òkè náà nínú ìwé Pike. Ó wọn ìgun láti orí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó rí 10,581 ẹsẹ̀ bàtà. Ó wá rò pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ fi 8,000 ga ju òkun lọ, ó rò ó mọ́ ọn, ó di 18,581. Gíga rẹ̀ gan-an jẹ́ 14,115 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn mítà 4,302. Ìgun tó wọ̀n kò jìnnà sí òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀. 8,000 tó fi kún un ló bà á jẹ́, torí ilẹ̀ Pueblo kò tó 5,000. Àwọn kan nínú yín ti kọ 18,581 sílẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni.

Ti òtútù náà ń kọ́? Ìwọ̀n Réaumur ni Pike ń lò, kì í ṣe Fahrenheit, kì í ṣe Celsius. Ẹ sọ nọ́ńbà rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà 1.25 kí ẹ tó rí Celsius. Nígbà tó bá kọ méjìdínlógún àti ààbọ̀ lábẹ́ òdo, nǹkan bí 23 lábẹ́ òdo ti Celsius ló ń sọ.

Oṣù Kejìlá ni máàpù ti tàn wọ́n jẹ. Máàpù ìgbà yẹn fi hàn pé inú òkè tó wà nítòsí Santa Fe ni Red River ti ń ṣàn wá. Irọ́ ni: ilẹ̀ títẹ́jú Texas ló ti ń bẹ̀rẹ̀, jìnnà sí òkè. Ohun tí Pike ń wá kò sí níbi tó ń wá a sí. Ó fi Arkansas sílẹ̀ níbi tó ti wọ àárín àpáta gíga méjì, ó gba àríwá, ó kan South Platte, ó yí sí gúúsù, ó rí odò kan, inú rẹ̀ sì dùn pé Red River nìyí. Wọ́n ṣe Kérésìmesì lẹ́bàá rẹ̀ pẹ̀lú ẹfọ̀n mẹ́jọ, wọ́n ń gé bùláńkẹ́ẹ̀tì fi wé ẹsẹ̀, awọ ẹfọ̀n tútù ni bàtà wọn. Wọ́n bá odò náà sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ 5, oṣù Kìíní, ọdún 1807, ọjọ́ tí Pike pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó bá ara rẹ̀ ní ibi tó ti fi sílẹ̀ nínú oṣù Kejìlá. Arkansas ni. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n fi yí po.

Ẹṣin wọn kò lè rìn mọ́. Ó kọ́ ilé igi kékeré kan, ó fi Vasquez àti sójà Patrick Smith ṣọ́ ẹṣin àti ẹrù, ó sì gbéra lọ́jọ́ 14 láti fi ẹsẹ̀ gun òkè pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹrù pọ́n-ùn 45 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ gbé. Tí wọ́n bá ro ìbọn àti oúnjẹ mọ́ ọn, ó tó 70. Ọjọ́ 17, wọ́n la odò kékeré kan kọjá nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ wọn rin, kò sì sí igi tí wọ́n lè dáná lẹ́bàá ibẹ̀. Wọ́n rìn títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n tó dé igbó. Nígbà tí iná ràn, ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́sàn-án nínú wọn ti kú fún òtútù, àwọn tó ń ṣọdẹ fún wọn sì wà lára wọn. Ẹ ṣàlàyé èyí fún ọmọ tó ń kà á nílùú tí òtútù kò sí: ọ̀rinrin ló ń yára pa ẹsẹ̀ nínú òtútù, ju ìtutù afẹ́fẹ́ lọ. Ká ní wọ́n dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó la odò ni, bóyá ẹsẹ̀ wọn kì bá tí kú.

Ọjọ́ 22, wọ́n fi Thomas Dougherty àti John Sparks sílẹ̀ pẹ̀lú ẹran, torí wọn kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ọjọ́ 27, wọ́n fi Hugh Menaugh náà sílẹ̀. Láàárín méjèèjì, lọ́jọ́ 24, John Brown sọ pé ó kọjá agbára ènìyàn láti rin ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun nínú yìnyín tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kó sì tún ru ẹrù tó yẹ ẹṣin. Pike fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn níwájú gbogbo wọn tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, òótọ́ ni Brown sọ, gbólóhùn rẹ̀ sì tọ́ sí ìwé ju gbólóhùn "ó ṣàwárí" lọ.

Wọ́n la òkè Sangre de Cristo kọjá, wọ́n rí àwọn òkìtì iyanrìn ńlá, wọ́n dé odò kan lọ́jọ́ 30. Pike tún pè é ní Red River. Rio Grande ni, ilẹ̀ Sípéènì sì ni. Létí odò Conejos tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, wọ́n kọ́ odi onígun mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà 36 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó ga ní 12: igi ńlá nísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ lókè, igi ṣóńṣó lórí, kòtò olómi tó fẹ̀ ní mẹ́rin yí i ká. Pákó ni wọ́n ń gbà kọjá, wọ́n á sì fi ikùn fà wọlé. Láti ibẹ̀ ló ti rán àwọn èèyàn padà lọ wo Dougherty àti Sparks. Àwọn méjèèjì kò lè wá. Wọ́n fi egungun tó bọ́ lára ẹsẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí Pike, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi àwọn sílẹ̀ kú.

Ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun Sípéènì dé. Wọ́n sọ fún un pé odò tó wà lẹ́bàá rẹ̀ kì í ṣe Red River. Pike ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ sọ àsíá Amẹ́ríkà kalẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí Santa Fe, lẹ́yìn náà sí Chihuahua, níbi tí wọ́n ti gba ìwé rẹ̀; ó ti fi díẹ̀ pamọ́ sínú ihò ìbọn àwọn sójà rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, ọdún 1807, ló padà dé Natchitoches. Àwọn ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní Mẹ́síkò fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó rí wọn.

Ìwé Pike tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1810 ni ọ̀pọ̀ yín ń tọ́ka sí. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú máàpù ilẹ̀ Sípéènì tó wà níbẹ̀ wá láti ara ti Alexander von Humboldt, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, tí wọn kò dárúkọ rẹ̀. Humboldt fúnra rẹ̀ ráhùn. Ibẹ̀ náà ni Pike ti fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kansas àti Colorado wé aṣálẹ̀ oníyanrìn ilẹ̀ Áfíríkà, tó sì ní ó dára bẹ́ẹ̀, torí kò ní jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà tàn káàkiri jù. Long tún kọ ọ́ sórí máàpù tirẹ̀ pé aṣálẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí ẹfọ̀n ti ń jẹ̀ láìlóǹkà, tí àwọn Pawnee ti ń gbin àgbàdo! Ibi tí wọ́n ń pè ní aṣálẹ̀ yẹn ni wọ́n ń gbin àlìkámà sí lónìí. Ẹ má ṣe túmọ̀ àfiwé yẹn láìṣàlàyé, pàápàá fún ọmọ Áfíríkà.

Tí ẹ bá ń tún ojú ìwé yẹn tẹ̀, a bẹ̀ yín, ẹ fi orúkọ márùn-ún yìí kún un: Dougherty, Sparks, Menaugh, Vasquez, Smith. Àwọn ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú òkè. Orúkọ kẹfà ni Tava, kí ó ṣáájú Pikes Peak.

Àwa ni,
Àwọn tó ń ka ìwé yín.